Ta Ló Gbọ́n Ọkọ̀ Mi?

Ẹ̀yin ọmọ tó ń jáde nílé-ìwé báyìí, tí ẹ máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ní Bantè, tí ẹ ń bi mí pé, "Màmá, báwo lẹ ṣe ráyè wọ iṣẹ́ yẹn, nígbà tí ẹ ò ní ọkọ̀, tí bàbá yín ò ní ọkọ̀, tí ẹ tún jẹ́ obìnrin?" ẹ jókòó dáadáa. Ìdáhùn rẹ̀ ò gùn, èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ gùn, ẹ ó sì fara dà á. Láti ìgbà òjò ọdún 1972 ni mo ti ń tukọ̀ lórí odò tó wà láàrin àwa àti àwọn abúlé oko tó wà lọ́nà Gouka, títí wọ́n fi ṣe afárá síbẹ̀ lọ́dún 1990. Owó ibẹ̀ kò tó ohun à ń sọ. Ó bọ́ ọmọ mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi alùpùpù gba orí afárá náà kọjá, ẹ ò lè mọ bí odò yẹn ṣe rí lásìkò òjò. Á kún, á gba oko, á dé ìdí igi máńgòrò tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Ọkọ̀ mẹ́fà ló wà ní èbúté, igi gbígbẹ́ ni gbogbo wọn. Kò sì sí èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ń wà á. Ọlọ́kọ̀ lọ́tọ̀, atukọ̀ lọ́tọ̀. Ọlọ́kọ̀ á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, á máa pe èrò. Atukọ̀ méjì ló máa ń wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹni iwájú ń lo agbára, ẹni ìdí ọkọ̀ ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni iwájú lè ṣiṣẹ́ lónìí kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Ẹni ìdí ọkọ̀ ni kì í kúrò.

Ìdí ọkọ̀ ni mo fẹ́. Ọkọ mi ti lọ ṣiṣẹ́ kòkó ní Nàìjíríà, lẹ́tà rẹ̀ méjì péré ló dé, ẹ̀kẹta ò dé títí dòní. Rósà àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, méjì ń tẹ̀ lé e. Bàbá ọkọ mi ti ránṣẹ́ láti Tchetti lẹ́ẹ̀mejì pé bí n ò bá ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ nígbà òjò tó ń bọ̀, òun á wá kó àwọn ọmọ òun. Kò jẹ̀bi. Èmi náà ni n ò lè gbà. Ta ló máa fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí wọ́n ti ń kó ọmọ rẹ̀ lọ?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe ni. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ funfun tí mo fi ń lọ sí ìjọ, mo lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ níkọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé àyè wà nínú ọkọ̀ yín?" Gbogbo wọn ní kò sí. Ọ̀kan bi mí pé bí mo bá wà lójú omi, ta ni yóò se ọbẹ̀? Mo dá a lóhùn pé owó ọkọ̀ náà ni yóò ra ẹja ọbẹ̀. Ẹnu mi ti burú láti kékeré.

Sìmọ́nù ló ṣàánú mi. Atukọ̀ ni, ìdí ọkọ̀ ló ń jókòó, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó fẹ́ràn àwàdà ju oúnjẹ lọ. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìyá Rósà, wọn kì í tọrọ ọkọ̀ níbí. Wọ́n máa ń gbọ́n ọn ni."

Ó wá ṣàlàyé. Òjò òru á máa kún inú ọkọ̀. Bí o bá ń wá ọlọ́kọ̀, wàá kọ́kọ́ wo ọkọ̀ tó wù ọ́, wàá jí dé èbúté kí ẹnikẹ́ni tó dé, wàá fi igbá gbọ́n omi inú rẹ̀ gbẹ, wàá sì jókòó sí ọ̀ọ́kán. O ò ní sọ̀rọ̀. Bí ó bá wu ọlọ́kọ̀, á bèèrè pé, "Ta ló gbọ́n ọkọ̀ mi?" Bí kò bá wù ú, á ṣe bíi pé kò rí i, ìwọ náà á sì mọ ìwọ̀n ara rẹ. Ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo bí àwọn àgbà yẹn ṣe gbọ́n tó. Ẹ fi wé bí ẹ ṣe ń gbé ìwé kiri ọ́fíìsì lónìí, tí ẹni tí kò tó yín í bí ń lé yín bí adìyẹ.

Ọkọ̀ Bàbá Mumíní ni mo mú, nítorí òun ló tóbi jù. Sìmọ́nù tó ń jókòó nídìí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹni iwájú àwọn ti lọ. Mo gbọ́n ọn láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá ò wo ibi tí mo wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó dúró.

"Ta ló gbọ́n ọkọ̀ mi?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ ta ni?"

"Ìyá Rósà, láti Bantè."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ inú kọ̀rọ̀ ọkọ̀, ó fà á jáde, ó fi hàn mí. "Ẹrẹ̀ nìyí. Padà lọ gbọ́n ọn."

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Savalou ni Bàbá Mumíní, ìyá rẹ̀ jẹ́ Màhì. Èdè wa ló ń sọ lójoojúmọ́, àmọ́ bí inú bá bí i, èdè ìyá rẹ̀ ló máa bọ́ sí, ìgbà náà ni kí o sá. Ó kúrú, ó sì fẹ́ràn fìlà funfun kan tí n kò rí ìdọ̀tí lára rẹ̀ rí, létí odò ẹlẹ́rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣiṣẹ́ láyé mi. N ò rí irú rẹ̀.

Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àjẹ̀ tí à ń fi wakọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní kí n jókòó sórí òkúta kí n máa wo odò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á pè mí. "Kí lo rí?" Mo ní omi. "Omi nìkan? Ó dàárọ̀." Lọ́jọ́ kejì mo ní mo rí ewé tó ń ṣàn lọ. "Ó yà sọ́tùn-ún àbí sósì?" N ò mọ̀. "Ó dàárọ̀." Mo sunkún lójú ọ̀nà ilé. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo sọ fún un pé níwájú àtíbàbà, ewé máa ń yí po lẹ́ẹ̀kan kó tó kọjá, bíi pé nǹkan kan dì í mú. Ó ní, "Kùkùté igi ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ó ti dojú ọkọ̀ méjì dé kí o tó dé. Lọ mú àjẹ̀ wá."

Bí àjẹ̀ bá wá lọ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kó dún kọ̀ọ̀, á ní kí n dúró láti ibi tó jókòó sí létí omi.

"O lù ú. Kí ló fi ṣe ọ́?"

Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín.

"Bẹ̀ ẹ́."

Èmi, obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta, mo kúnlẹ̀ láàrin èrò ọjà, mo ń sọ fún igi gbígbẹ́ pé kó má bínú. Kò tíì tán o. Ó ní ọkọ̀ náà jù mí lọ, kò yẹ kí n máa sọ "má bínú" fún un bí ẹgbẹ́ mi, "ẹ má bínú" ni kí n wí. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ kí òjò ọdún yẹn tó dá, àjẹ̀ mi ò dún mọ́. Ẹyẹ tó bà sétí omi kì í fò tí a bá ń kọjá. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Odò fà, ó ku ibi jíjìn kan ṣoṣo tí omi dúró sí. Bàbá Mumíní ní kí kálukú máa lọ sóko títí òjò yóò fi dé. Òun náà lọ sí Savalou, àbúrò rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ. Ó fi ọkọ̀ sí ìkáwọ́ Sìmọ́nù, Sìmọ́nù sì lọ sídìí ebè iṣu rẹ̀.

Ìyẹn ni ìgbà tí bàbá ọkọ mi ránṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, òun ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé kí n tètè fara hàn, kí Bàbá dé kó bá iṣẹ́ ọwọ́ mi, bóyá á lè fún mi ní ìdí ọkọ̀. Mo sáré lọ sí èbúté. Ẹ gbọ́ ohun tí mo bá níbẹ̀: ọkọ̀ wa ti rì sísàlẹ̀ omi, òkúta ńláńlá mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Mo ní, ah, ọ̀tá ti ṣe Bàbá yìí. Mo bọ́ sómi. Mo gbé òkúta kúrò níkọ̀ọ̀kan, mo fi igbá gbọ́n ọkọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, mo nu kọ̀rọ̀ rẹ̀, mo so ó mọ́ etí omi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo kọ orin ìjọ wa dé ilé.

Ẹni tí wọ́n bí sétí odò á ti máa fi mí rẹ́rìn-ín báyìí. N ò mọ̀ pé wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ri ọkọ̀ onígi sómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, kí oòrùn àti ọyẹ́ má bàa là á. Òkúta náà, Bàbá Mumíní fọwọ́ ara rẹ̀ kó o sínú ọkọ̀ létí omi ni, Sìmọ́nù ló tì í wọ ibi jíjìn. Èmi ọmọ àgbẹ̀, ta ló sọ fún mi? Omi fà kúrò lábẹ́ ọkọ̀ tí mo so, ó jókòó sórí iyanrìn gbígbẹ, ọyẹ́ sì fẹ́ lù ú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó ti là láti àárín dé ìdí. Ìka ọwọ́ mi wọ ibi tó là. Mo jókòó tì í, mo sì mọ̀ pé mo ti pa ẹran tí mò ń sìn.

Lọ́jọ́ tí Bàbá ti Savalou dé, gbogbo èbúté ló pé. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó wo òkúta mẹ́rin tó wà lórí iyanrìn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn. Ó bèèrè ohun kan náà tí wọ́n máa ń bèèrè ní èbúté wa:

"Ta ló gbọ́n ọkọ̀ mi?"

Kò sẹ́ni tó rí mi lọ́jọ́ tí mo gbọ́n ọn. Gbogbo ojú yí sí Sìmọ́nù, nítorí òun ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kọjá lórí mi, á wó lé ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ èbúté.

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá."

Mo retí kó bú mi lédè Màhì. Kò bú mi. Ó sọ lédè wa pé, "Gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ lo nù?"

"Mo nù ún, Bàbá."

"Mo rí i. Ẹrẹ̀ kankan ò sí níbẹ̀." Ó bọ́ fìlà, ó tún un dé. "Ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe. Ọ̀la, ìdájí."

Ìgbà yẹn gan-an ni mo kọ́ iṣẹ́. Oṣù méjì la fi jọ tún un ṣe, èmi àti òun. A yọ́ ọ̀dà dúdú tí àwọn tó ń ṣe títì fi sílẹ̀, a ri òwú oko sínú rẹ̀, a fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tì í bọ inú ibi tó là, díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá yára, á ní kí n yọ ọ́ kí n tún un tì. A gé bidọ́ọ̀nù, agolo páànù ńlá tí wọ́n ń rọ òróró sí, a nà án, a kàn án mọ́ òkè rẹ̀. Kò mẹ́nu ba bí mo ṣe ba ọkọ̀ jẹ́ mọ́, kódà nígbà tí inú bá bí i. Ohun tó ń kọ́ mi ló ń sọ: igi báyìí, omi báyìí, ìṣó báyìí. Mo mọ ọkọ̀ yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú ara mi lọ.

Òjò wá dé, odò kún. Ọjọ́ ọjà Gouka ni, àwọn obìnrin gbé agbọ̀n iṣu sílẹ̀ létí omi. Wọ́n wo páànù tó ń dán lára ọkọ̀, kò sẹ́ni tó mira. Ọ̀kan ní, "Àwa ò wọ ọkọ̀ alábùlẹ̀." Sìmọ́nù náà kọ̀. Ó ní òun fẹ́ràn mi, òun ò sì ní gbàgbé ohun tí mo ṣe fún òun, "àmọ́ ìyàwó méjì ni mo ní, Ìyá Rósà, n ò fẹ́ sọ wọ́n di opó lọ́jọ́ kan náà." Bàbá ọkọ mi wà láàrin èrò. Alẹ́ àná ọjọ́ náà ló ti Tchetti dé. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò mí.

Bàbá Mumíní dìde lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní, "Ìyá Rósà, lọ jókòó nídìí ọkọ̀."

Mo ní, "Èmi, Bàbá? Nídìí?"

"Ẹni tó mọ ibi tí ọkọ̀ ti là ló yẹ kó tọ́ ọ."

Ọlọ́kọ̀ kì í wọ ọkọ̀ ní èbúté wa, kò sẹ́ni tó rí irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó níwájú, ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Gbé wa." Mo tì wá kúrò létí odò, èmi àti òun nìkan. Mo yà fún kùkùté. Ibi tí omi ti le jù ní àárín, mo rí i tí omi ń wọlé lábẹ́ páànù, kò pọ̀, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. N ò lè fi àjẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, omi." Kò wẹ̀yìn. Ó mú igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ọn, ní jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bu ọkà. Ó gbọ́n ọn títí a fi gúnlẹ̀ lódìkejì, ó gbọ́n ọn bí a ṣe ń padà bọ̀. Òwú náà ti wú nígbà tí a padà dé èbúté, omi sì dá. Àjẹ̀ mi ò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn obìnrin gbé agbọ̀n wọn. Bàbá ọkọ mi sún mọ́ ọlọ́kọ̀, ó bi í pé, "Ta ni obìnrin yìí jẹ́ sí yín?" Bàbá Mumíní ní, "Atukọ̀ mi ni." Wọ́n kí ara wọn dáadáa, bàbá ọkọ mi sì padà sí Tchetti lóun nìkan.

Ìdí ọkọ̀ yẹn ni mo wà láti ìgbà náà lọ. Sìmọ́nù padà wá, iwájú ló jókòó sí, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa yí padà, àwọn ọ̀dọ́ ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Rẹfolúsọ́n dé èbúté, wọ́n ń kí gbogbo wa ní "kamaráàdì," ìyẹn "ẹlẹgbẹ́ mi." Bàbá Mumíní ní kí wọ́n máa pe òun ní Bàbá, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí mobilẹ́tì, alùpùpù kékeré yẹn, pọ̀, a so tónóò mẹ́jọ, àgbá irin ńlá, pọ̀, a to pákó lé e, a fi ń gbé wọn kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá ra ẹ̀rọ mótọ̀ ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ti lò lọ́wọ́ apẹja kan ní Kùtọnu. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ. N kì í bú ohun tuntun: ó yá, ó sì sinmi èjìká mi. Ariwo rẹ̀ nìkan ni n ò fẹ́, nítorí n kì í gbọ́ ohun tí omi ń sọ mọ́. Èmi náà di ẹni tí wọ́n ń gbọ́n ọkọ̀ dè. Mo máa ń ti ìka bọ kọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn. Má ṣe máa wá iṣẹ́ nìkan, wá ènìyàn tí iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ò lè fún ọ nírú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì bèèrè ẹni tó ṣe é, lọ́jọ́ dáadáa àti lọ́jọ́ burúkú, dáhùn.

Nígbà tí afárá parí, tí èbúté sì tú, mo lọ kí Bàbá Mumíní ní Savalou. Ó ti darúgbó, ó ti fẹ̀yìn tì sílé bàbá rẹ̀, fìlà náà ṣì funfun. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Saínábù, ń bu oúnjẹ fún wa lọ́wọ́. A ń sọ̀rọ̀ àtijọ́, mo mẹ́nu ba ọkọ̀ alábùlẹ̀, mo ní Bàbá jókòó níwájú kó lè máa ṣọ́ mi.

Ìyá Saínábù gbé ìpọnbẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣọ́ ta? Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó kó kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ fún mi, ó sọ ibi tí wọ́n máa sin òun sí fún mi. Ìyá Rósà, ẹni yìí ò mọ odò wẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, omi ò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rí."

Mo yíjú sí i. Mo ní, "Bàbá, òótọ́ ni?"

Ó ní, "Ẹnu obìnrin yìí."

"Gbogbo ọdún yìí, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá sọ pé omi nìkan ni mo rí. Ó ní, "Bí mo bá sọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n?"

Ìyá Saínábù na àwo sí mi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, nítorí ọ̀kan ò lè dá a gbé.